Ètò Ìdílé fún Òbí àti Ọmọ Ọdún 10 sí 14: Àgbéyẹ̀wò Láti Ìlú Kékeré Kan ní Pennsylvania

Ètò tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni Strengthening Families Program: For Parents and Youth 10–14, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa ń gé kúrú sí SFP 10–14, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lábẹ́ PROSPER, ìlànà tó ń gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ lé ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú lọ́wọ́, ní àwọn ìlú kéékèèké ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania àti Iowa, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni fún ìdílé tó bá fẹ́ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí òbí àti ọmọ tó ń bọ̀ wá di ọ̀dọ́langba jọ jókòó, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀, kí ọtí, sìgá, igbó àti oògùn olóró tó kan ilẹ̀kùn. Èmi àti ìdílé mi lọ, a sì parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí sínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o nílùú wa, nítorí náà mo mọ bó ṣe rí fún ẹni tó wá gba ẹ̀kọ́, mo sì mọ bó ṣe rí fún ẹni tó ń wá owó oúnjẹ tí wọ́n máa jẹ níbẹ̀. Èrò mi ni pé ó dára, ó sì tọ́ kí òbí Yorùbá tó bá wà nítòsí rẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé àti fídíò tí wọ́n ń lò nìkan ló mú un dára. Àwọn ará ìlú tó ń pàdé, tí wọ́n ń pín iṣẹ́ láàárín ara wọn, tí wọ́n sì ń wá owó nítòsí ilé nígbà tí owó tó ti òkè wá bá ti tán, àwọn gan-an ni wọ́n gbé e ró. Níbi tí ọwọ́ wọn bá ti rọ, ètò náà á kú, bó ti wù kí ìwé rẹ̀ dára tó.

Karol Kumpfer, ní Yunifásítì Utah, ló ṣe ètò Strengthening Families àkọ́kọ́ láàárín àwọn ọdún 1980, fún àwọn ọmọ tí òbí wọn ti wà nínú wàhálà oògùn olóró. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Virginia Molgaard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Iowa tún un ṣe fún gbogbo ìdílé tó bá ní ọmọ láàárín ọdún 10 sí 14, yálà wàhálà ti wọlé síbẹ̀ tàbí kò tíì wọlé. Mo ka ìyípadà yẹn sí ohun ńlá, nítorí pé kò sí ẹni tí wọ́n máa rí lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ tí wọ́n á máa sọ pé, "Kí ló dé sí ọmọ lágbájá?" Gbogbo òbí tó bá ní ọmọ ní kíláàsì kẹfà ni wọ́n kọ lẹ́tà sí. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, ọdún kẹfà ilé ẹ̀kọ́ yìí sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ kò tíì fi ẹnu kan ohunkóhun.

Nígbà tó yá, Richard Spoth ní Iowa àti Mark Greenberg ní Penn State bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun mìíràn. Ètò tó dára ti wà, ìwé rẹ̀ ti wà, àmọ́ ta ni yóò máa ṣe é ní ìlú tí kò sí yunifásítì, lẹ́yìn tí àwọn olùwádìí bá ti kó ẹrù wọn lọ? Láti dáhùn rẹ̀, wọ́n mú ìlú 28, 14 ní Iowa, 14 ní Pennsylvania, tí ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò wọn ní akẹ́kọ̀ọ́ láàárín 1,300 sí 5,200. Wọ́n ṣẹ́ kèké lé àwọn ìlú náà: ìdajì wọn dá ìgbìmọ̀ PROSPER sílẹ̀, ìdajì yòókù ń bá ohun tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìwádìí lórí ìlòkulò oògùn, NIDA, ló san owó ìwádìí náà. Ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ yìí ni mo fẹ́ pẹ́ lé lórí jù, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì mọ bí ìrọ̀lẹ́ kan ṣe ń lọ kò ní mọ ohun tí à ń wá owó sí.

Ìjókòó méje ni, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, wákàtí méjì ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní wákàtí àkọ́kọ́, àwọn òbí á wà ní yàrá kan pẹ̀lú adarí kan, àwọn ọmọ á wà ní yàrá mìíràn pẹ̀lú adarí méjì. Ní wákàtí kejì, gbogbo wọn á péjọ, ìdílé kọ̀ọ̀kan á jókòó ti tábìlì tirẹ̀, wọn á sì fi ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ dánra wò láàárín ara wọn. Ìdílé bíi mẹ́jọ sí mẹ́tàlá ni ẹgbẹ́ kan máa ń gbà. Ìjókòó mẹ́rin mìíràn wà fún ìránnilétí lẹ́yìn oṣù mélòó kan, níbi tí owó bá ti wà. Nílùú wa, yàrá ìjẹun ilé ẹ̀kọ́ ni à ń lò, oúnjẹ ni a sì fi ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé má ṣe ní láti lọ dáná kó tó wá. Àwọn ọmọ tí kò tíì tó ọjọ́ orí náà ní olùtọ́jú ní yàrá ẹ̀gbẹ́. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí fi ọkàn sí oúnjẹ àti olùtọ́jú ọmọ yẹn. Àwọn ni ìgbìmọ̀ tí owó rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ máa ń kọ́kọ́ fẹ́ gé, nítorí pé wọn kò sí nínú ẹ̀kọ́ gan-an. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ló jẹ́ kí ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta lè wá rárá.

Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní máàpù ìṣúra. Wọ́n fún wọn ní páálí, àlùmọ́gàjí, gọ́ọ̀mù àti ìwé ìròyìn àtijọ́, wọ́n ní kí wọ́n gé àwòrán ohun tí wọ́n fẹ́ kí ayé wọn dà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé tirẹ̀ wá sí tábìlì, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn òbí rẹ̀, ẹnu tiwa sì gbọ́dọ̀ dákẹ́ títí yóò fi parí. Ọmọ mi obìnrin lẹ àwòrán ọkọ̀ òfurufú, ajá kan, àti ilé kan tí èrò pọ̀ níwájú rẹ̀. Mo rò pé ilé àpèjẹ ni. Ó ní ilé ìyá mi ní Òṣogbo ni, ibi tí ó ti dé ẹ̀ẹ̀kan péré nígbà tó ṣì kéré, àti pé òun fẹ́ kọ́ Yorùbá tó pọ̀ tó láti dá bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìjẹ́ pé mo ń túmọ̀. Kò sọ ọ́ rí nílé. Bàbá rẹ̀ mú páálí náà lọ́wọ́, ó ń wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ara ohun tí ètò náà ń kọ́ òbí ni pé ọmọ tó bá mọ ohun tí òun ń lé, tí àwọn ará ilé rẹ̀ náà sì mọ̀ ọ́n, ní ohun tó lè dì mú nígbà tí ẹnìkan bá na igbó sí i lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́.

Ohun tí ìwé ètò náà ń tẹnu mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni ìfẹ́ àti ààlà: kí òbí fi hàn pé òun fẹ́ràn ọmọ, kí ó sì tún fi òfin ilé lélẹ̀ tí kò ní yẹ̀. Òbí Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ ọ ní ààlà. Ibi tí mo ti rí ẹ̀kọ́ gbà ni bí a ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n jẹ́ kí a fi ẹnu ara wa tún ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ nígbà tí inú bá ń bí wa sọ, kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ń dun àwa fúnra wa àti ìdí rẹ̀, dípò kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwà burúkú ọmọ. Ó jọ ohun kékeré. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ bí ìjà ṣe ń tán kíá nílé mi láti ìgbà náà, n kò sì lè sọ pé mo mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Ibi kan wà tí èmi kò bá wọn lọ: ìwé máàkì tí wọ́n ní kí òbí lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì, tí ọmọ á máa gba máàkì sí i fún iṣẹ́ ilé, tí máàkì náà á sì di ẹ̀bùn. Lójú tèmi, ọmọ kì í gba owó iṣẹ́ lórí abọ́ tí òun náà fi jẹun. A fi ìwé náà sílẹ̀ nílé wa, adarí wa kò sì bá wa jà sí i. Ó ní ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ọmọ mọ̀ pé a rí ohun rere tó ṣe, kì í ṣe ohun burúkú nìkan.

Àwọn ọmọ náà kọ́ bí a ṣe ń kọ̀ fún ọ̀rẹ́ láìsọ ọ̀rẹ́ nù: kí o béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, kí o pe orúkọ wàhálà tó wà nínú rẹ̀, kí o sọ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, kí o mú ohun mìíràn wá tí ẹ jọ lè ṣe, kí o sì máa lọ bí wọn kò bá gbà. Àwọn òbí náà dán an wò, ẹ̀rín sì pọ̀. Ní kíláàsì keje, ilé ẹ̀kọ́ ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìdílé, ìgbìmọ̀ ìlú sì máa ń yan ọ̀kan nínú ètò mẹ́ta fún kíláàsì náà: LifeSkills Training, All Stars tàbí Project ALERT. Òbí kò ní ìpín púpọ̀ níbẹ̀, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀. Ohun tí PROSPER gùn lé ni iṣẹ́ Extension, èyí tó bá yunifásítì ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan rìn. Òfin Morrill ti 1862 ló fún àwọn ìpínlẹ̀ ní ilẹ̀ láti fi dá irú yunifásítì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, òfin Smith-Lever ti 1914 ló sì ní kí ìmọ̀ wọn jáde kúrò nínú ọgbà yunifásítì lọ bá àgbẹ̀ àti ìdílé níbi tí wọ́n wà. Ẹni tó bá mọ bí òṣìṣẹ́ ADP ṣe máa ń gun alùpùpù lọ bá àwọn àgbẹ̀ lóko ní ìpínlẹ̀ Ògùn tàbí Ọ̀yọ́ ti mọ irú iṣẹ́ tí mò ń sọ, àfi pé ti Amẹ́ríkà kò dúró lórí àgbàdo àti màlúù nìkan. Àwọn náà ló ni ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ 4-H, wọ́n sì ní òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé. Pennsylvania ní kántì (ìpín tó jọ ìjọba ìbílẹ̀) 67, Iowa ní 99, Extension sì ń dé gbogbo wọn. Ọgbọ́n tó wà nínú PROSPER nìyẹn: wọn kò kọ́ ilé tuntun, wọn kò gba ọ̀gá tuntun láti Washington. Òṣìṣẹ́ Extension tí ìlú ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni aṣáájú ìgbìmọ̀, ẹnìkan láti ilé ẹ̀kọ́ ni igbákejì rẹ̀, àwọn yòókù sì jẹ́ òbí, ọ̀dọ́, òṣìṣẹ́ ìlera ọpọlọ àti ti ọ̀rọ̀ oògùn olóró, àti irú ènìyàn tí ìlú kì í fi ṣeré. Ìgbìmọ̀ bíi ènìyàn mẹ́jọ sí méjìlá ni. Lẹ́yìn wọn ni alábòójútó kan wà tó ń pè wọ́n déédéé, tó ń yanjú ohun tó bá dí wọn lọ́wọ́, lẹ́yìn òun náà sì ni àwọn olùwádìí yunifásítì wà. Nítorí náà, kò sí ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún lóun nìkan.

Owó tí ìwádìí fún àwọn ìgbìmọ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ kò wà títí, wọ́n sì ti sọ ọ́ fún wọn láti ọjọ́ kìíní. Ó ń dínkù bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìgbìmọ̀ sì ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í wá tirẹ̀. Mo gbà pé ibí ni ètò yìí fi ju ọ̀pọ̀ ètò tí mo ti rí lọ, ní Nàìjíríà àti níhìn-ín. A mọ iṣẹ́ tó ń fi ìlù àti fọ́tò bẹ̀rẹ̀, tí ọkọ̀ rẹ̀ á dúró sábẹ́ igi ní ọdún kẹta nítorí pé àjọ òkèèrè tó ń sanwó ti lọ. PROSPER sọ wíwá owó di ara iṣẹ́ ìgbìmọ̀ bí ẹ̀kọ́ gan-an ṣe jẹ́ ara rẹ̀, ó sì ń kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣe é.

Orísun owó náà pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ní Iowa, òfin fún kántì kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ Extension ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án tí àwọn ará kántì dìbò yàn, tó sì lágbára láti gba owó orí lórí ilẹ̀ àti ilé fún iṣẹ́ Extension, nítorí náà ẹni tó ń gbé ibẹ̀ lè lọ bá ẹni tó dìbò fún sọ̀rọ̀. Ní Pennsylvania, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọtí àti oògùn wà ní kántì, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwà ọ̀daràn, tí wọ́n ń pè ní PCCD, náà sì máa ń fún àwọn ètò tó ní ẹ̀rí lẹ́yìn ní owó. United Way, àjọ aláàánú tó ń kó owó jọ, wà, Rotary àti Lions wà, ilé ìfowópamọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì wà. Láti 2022, owó mìíràn tún ti wọlé: àdéhùn tí wọ́n fi parí ẹjọ́, tó mú kí àwọn iléeṣẹ́ oògùn McKesson, Cardinal Health, AmerisourceBergen àti Johnson & Johnson gbà láti san tó bílíọ̀nù 26 dọ́là lórí ọ̀rọ̀ opioid, ìyẹn oògùn ìrora líle tó máa ń di bárakú. Púpọ̀ nínú owó yẹn ń dé ọwọ́ kántì, ìdènà láàárín àwọn ọ̀dọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n lè ná an lé. Ìgbìmọ̀ tí kò bá ní ẹnikẹ́ni tó ń lọ sí ìpàdé kántì kò ní mọ ìgbà tí wọ́n ń pín in.

Ìpàdé àkọ́kọ́ tí mo lọ, ìwé kan ṣoṣo ló wà níwájú wa lórí tábìlì. Lápá òsì ni wọ́n to ìnáwó sí: owó àwọn adarí, oúnjẹ, olùtọ́jú ọmọ, ìwé àti fídíò, ọkọ̀, ìjókòó ìránnilétí. Lápá ọ̀tún ni àyè tó ṣófo wà, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó máa ru u. Ilé ẹ̀kọ́ ti gba yàrá àti iná. Ọ́fíìsì kántì gba owó àwọn adarí. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ lójú pópó ní òun á máa pèsè búrẹ́dì àti èso, ṣùgbọ́n kí ẹlòmíràn wá ẹran. Ṣọ́ọ̀ṣì kan yọ̀ǹda bọ́ọ̀sì rẹ̀, ó ku ẹni tó máa wà á. Bí a ṣe ń pín ìnáwó òkú àgbà láàárín àwọn ọmọ olóògbé ló rí gẹ́lẹ́, tí ẹni tí kò ní màlúù á gba ìjókòó àti àtíbàbà, tí kò sì sí ẹni tó máa lè sọ pé òun kò mọ̀ sí i. Ìlà ìjókòó ìránnilétí ló ṣófo jù, ó sì ṣófo títí ìpàdé fi tú. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló mú un lọ sí ẹgbẹ́ tirẹ̀ nígbà tó yá, àwọn ẹgbẹ́ náà sì gbà á. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń ṣírò owó ìlú ní gbangba tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn olùwádìí ti tẹ̀lé àwọn ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn fún ọdún púpọ̀, wọ́n sì tẹ ìwádìí kan jáde ní 2016 tó tọpasẹ̀ wọn fún ọdún mẹ́jọ. Ohun tó ń jáde láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ojú mi mu: bí ìgbìmọ̀ bá ń pàdé déédéé láti ìbẹ̀rẹ̀, tí aṣáájú rẹ̀ mọ ènìyàn kó jọ, tí ilé ẹ̀kọ́ sì wà nínú rẹ̀ tọkàntọkàn, ó rọrùn fún un láti rówó nígbà tó bá yá. Ẹni tó ń fúnni lówó nílùú kékeré kì í fi í fún ìwé. Ó ń fi í fún ẹni tó mọ̀, tí ó ti rí i pé ó máa ń parí ohun tó bá bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé kí a kọ́kọ́ rówó ná kí a tó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ní ìlú 14 tó ṣe é, àwọn olùwòran tí wọ́n rán lọ jókòó sí ìdí kíláàsì rí i pé wọ́n ń kọ́ nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ohun tó wà nínú ìwé, bó ti yẹ kí wọ́n kọ́ ọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà àti ààbọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ náà ti ń parí girama, àwọn tó ń lo oògùn olóró láàárín wọn kéré sí ti ìlú 14 yòókù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdá kan nínú márùn-ún dín nínú ti àwọn tó ń lo opioid tí dókítà kò kọ fún wọn. Ìṣirò mìíràn, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002 lórí ètò ìdílé yìí kan náà kí PROSPER tó dé, ní dọ́là kan tí wọ́n bá ná ń gba nǹkan bí dọ́là 9.60 là lọ́wọ́ ìnáwó tí ọtí ìbá dá sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la. Irú ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá ilé ìfowópamọ́ máa ń tẹ́tí sí nìyẹn, a sì máa ń gbé e dání lọ.

Síbẹ̀, ìdílé tó yọjú ní àwọn ìlú náà kò ju nǹkan bí 17 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àwọn onímọ̀ ní ó pọ̀ ju ti irú ètò bẹ́ẹ̀ níbòmíràn lọ. Mo gbà, ṣùgbọ́n ó ṣì dùn mí. Ohun tó tù mí nínú ni ìwádìí kan lórí ọ̀rẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ láàárín àwọn ọmọ PROSPER, tó fi hàn pé àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lọ, àmọ́ tí ọ̀rẹ́ wọn púpọ̀ lọ, náà jèrè níbẹ̀. Kò yẹ kó jẹ́ kí ìgbìmọ̀ sinmi lórí àwọn tí kò wá. Ó sì yẹ kí a sọ ọ́ ní gbangba pé nígbà tí wọ́n gbé ètò ìdílé náà lọ sí Sweden àti Poland, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014 àti 2017 kò rí ìyàtọ̀ láàárín àwọn tó ṣe é àti àwọn tí kò ṣe é. Àwọn tó mọ̀ ní ìdí púpọ̀ lè wà. Tèmi ni pé n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó kó àpótí ìwé náà láti Iowa lọ sí Ìbàdàn tàbí London, kó sì máa retí èso kan náà láìsí àwọn ènìyàn ibẹ̀ tó tún un ṣe, tó sì jókòó tì í.

Àwọn àléébù tí mo rí nílùú wa fúnra rẹ̀ kò kéré. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n fi gbogbo ìjókòó sí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ní òru, tí ọwọ́ aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sì jẹ́ àkókò tí à ń múra lọ síbi iṣẹ́. Èmi lọ nítorí pé ẹlẹgbẹ́ mi gbà láti pààrọ̀ òru pẹ̀lú mi. Lẹ́tà ìpè wọlé gẹ́gẹ́ bí ìwé pélébé inú àpò ọmọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìdọ̀tí lọ. Kò sí ẹni tó pe òbí kankan lórí fóònù àyàfi àwọn tí wọ́n ti mọ̀. Ìyá àgbà kan tó ń tọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò wá mọ́ lẹ́yìn ìjókòó kejì nítorí pé bọ́ọ̀sì kò rí ẹni wà á, ó sì pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Ìyẹn bí mi nínú. Yàtọ̀ sí èyí, ìgbìmọ̀ wa ti fi ara ti aṣáájú rẹ̀ jù. Nígbà tí ara rẹ̀ kò yá, ìpàdé dúró, lẹ́tà owó kan sì kọjá ọjọ́ tí wọ́n fi sí i. Ìgbìmọ̀ tó ń pín iṣẹ́ ní tòótọ́ kò ní jẹ́ kí irú ìyẹn ṣẹlẹ̀, mo sì ti sọ ọ́ níbẹ̀.

Ta ni mo gbà nímọ̀ràn pé kó lọ? Òbí tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì karùn-ún sí ìkẹjọ, tí ọmọ náà ṣì ń jẹ́ kí ẹ jọ jókòó, tí wàhálà kò sì tíì dé. Bí ọmọ bá ti wọ inú rẹ̀ jìn, dókítà àti olùgbaninímọ̀ràn ni kí ẹ wá lọ́jọ́ náà gan-an, ètò yìí kò sí fún irú ìyẹn. Ìdílé tí bàbá àti ìyá kò jọ gbé pọ̀ lè lọ. Ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ náà lè lọ. Ẹ pe ọ́fíìsì Extension kántì yín tàbí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín, kí ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń béèrè, ẹ tún béèrè ẹni tó ń sanwó rẹ̀ lọ́dún yìí àti lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo, ètò náà wà nínú ewu, ó sì tọ́ kí ẹ wá bí ẹ ṣe máa ràn án lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bá àwọn ẹgbẹ́ wa sọ̀rọ̀. Kò sí ìlú ńlá ní Amẹ́ríkà tí kò ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ Yorùbá, ìjọ tàbí mọ́sálásí tí owó ìnáwó rẹ̀ ń kún lọ́dọọdún, tí ó máa ń fi ránṣẹ́ sílé fún kànga àti ilé ẹ̀kọ́. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n owó tí ẹgbẹ́ kan ń ná lórí gbọ̀ngàn àríyá kan ṣoṣo lè gba ìdílé púpọ̀ sínú ètò yìí, nítorí pé ohun tí àwọn olùṣírò fi hàn ni pé nǹkan bí 300 dọ́là ló ń ná ìlú láti mú ìdílé kan parí rẹ̀ lábẹ́ PROSPER. Bí ẹgbẹ́ kò bá ní owó, ó ní ènìyàn: olùkọ́, nọ́ọ̀sì, awakọ̀, ìyá tó mọ oúnjẹ sè fún ogójì ènìyàn. Àwọn ìgbìmọ̀ tí mo mọ̀ ń wá irú wọn, wọn kò sì mọ ibi tí wọ́n á ti rí wa bí a kò bá lọ jókòó ní ìpàdé wọn.

Fún kíláàsì ìgbà ìrúwé tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ wa ti gbà láti gbé ẹgbẹ́ kan sí àárọ̀ Sátidé nítorí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru, òbí méjì tó ti parí ètò náà ni yóò sì máa pe àwọn ìdílé lórí fóònù. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì la ṣì ń wá. A ti kọ̀wé sí kántì fún owó rẹ̀ nínú owó opioid, ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ń tọ́jú lẹ́tà náà báyìí.